Mo mọ ewu tó wà níbẹ̀, kí ló dé tí mo tún ń ṣe é?

Ìbéèrè:

Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ. Obìnrin ni mí, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo kàwé, iṣẹ́ gidi sì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi nípa HIV tàbí àtọ̀sí tí mi ò mọ̀. Kọ́ńdọ̀mù kì í wọ́n nínú báàgì mi. Àmọ́ bí ọkùnrin bá ti ń tutù sí mi, tó ń pẹ́ kó tó fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ mi, èmi náà ni mo máa ń pè é wá, èmi náà ni mo sì máa ń sọ pé kó má wulẹ̀ lo nǹkan kan. Tó bá ti lọ tán, àyà mi á máa já títí èsì àyẹ̀wò á fi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àìníjàánu ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tí ojú mi rí ní kékeré ló fà á, nítorí bàbá wa máa ń fi ilé sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á sì tún padà wọlé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta ló jàre nínú wọn? Àbí àwáwí lásán ni mò ń wá?

* * *

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Aláìníjàánu kì í yan ìgbà. Bó ṣe ń ṣe lórí ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń ṣe lórí owó, lórí ọtí, lórí ìbínú. Ìwọ sọ ìgbà kan pàtó fún wa: ìgbà tí ọkùnrin bá ń tutù. Bí ọkùnrin náà bá ń yá mọ́ ọ, kọ́ńdọ̀mù inú báàgì yẹn ń jáde, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìgbà tí kì í jáde ni kí a gbájú mọ́, ká fi ìwà rẹ lápapọ̀ sílẹ̀ ná.

Ọ̀rẹ́ rẹ sún mọ́ òótọ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, àmọ́ ó sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Láti orí bàbá tó ń pòórá dé orí kọ́ńdọ̀mù tí a kò lò, ọ̀nà jìn. Ohun tó wà láàárín wọn ló yẹ ká wò: àṣà ọkàn ni mo máa ń pè é.

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀, ká jọ sọ̀rọ̀ kí èsì tó jáde àti lẹ́yìn tó bá jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti dín àlàyé bí àrùn ṣe ń ràn kù. Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n dunjú. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kó tó di alẹ́? Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á jáde. Ìyá ẹnì kan ti bú u lórí fóònù. Wọ́n ti yọ ẹnì kan níṣẹ́. Ẹnì kan rí fọ́tò ẹni tó ń fẹ́ pẹ̀lú obìnrin míì. Àwọn tó ń sọ pé "ara ló kàn bẹ̀bẹ̀" wà lóòótọ́, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

* * *

Àwọn tó ka ìdáhùn yìí ti kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sábẹ́ rẹ̀, kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bi mí pé kí ni mò ń pè ní àṣà ọkàn gan-an, kí n má kàn máa fi ọ̀rọ̀ ńlá dẹ́rù ba ènìyàn.

Jeffrey Young, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ará Amẹ́ríkà, tó bá Aaron Beck ṣiṣẹ́, ló là á yé wa jù. Ìtọ́jú tí Beck dá sílẹ̀ ń kọ́ ènìyàn láti yẹ èrò rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Young rí i pé àwọn kan wà tí kò ràn lọ́wọ́: wọ́n á gbà pé èrò àwọn kò tọ́, wọ́n á tún padà sínú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ní nǹkan kan wà nísàlẹ̀ èrò yẹn, tó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà èwe, nígbà tí ọmọ kò rí ohun tó yẹ kó rí gbà: ààbò, ìfẹ́ tí kì í yẹ̀, àyè láti sọ tinú ẹni, ẹni tó máa sọ pé "ó tó" nígbà tó bá tó. Schema ni orúkọ tó fún un, òun ni mò ń pè ní àṣà ọkàn, ó sì to 18 sílẹ̀.

Àwọn tó kan ọ̀rọ̀ wa jù níbẹ̀ nìyí: "wọ́n á fi mí sílẹ̀", "àbùkù wà lára mi, ẹni tó bá mọ̀ mí dénú á kórìíra mi", "kò sẹ́ni tó máa fẹ́ mi débi tí inú mi á fi kún", "bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́, wàhálà dé", "ènìyàn á rẹ́ mi jẹ ṣáá ni." Èyí tí ẹ̀gbọ́n àbúrò wa ń sọ, àìlèkó ara ẹni níjàánu, wà nínú 18 náà. Ọ̀kan péré ni.

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n rò pé àṣà ọkàn kan, ìwà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Young fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà bá a gbé: kó tẹrí ba fún un, kó sá fún un, tàbí kó bá a jà títí tí ìjà náà á fi di àṣejù. Ẹ mú "àbùkù wà lára mi" yẹn. Ẹni tó tẹrí ba fún un á gba ẹnikẹ́ni tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ta ni òun tí òun á fi máa yàn? Kò ní lè la ẹnu béèrè kọ́ńdọ̀mù, ó ti gbà pé ojú rere lòun ń rí gbà. Ẹni tó ń sá fún un kò lè bọ́ aṣọ níwájú ẹnikẹ́ni láìmutí, tó bá sì ti mutí, ta ló ń rántí ààbò? Ó tún lè jẹ́ ẹni tí kì í ṣàyẹ̀wò rárá, torí kò fẹ́ kí ìwé kankan jẹ́rìí sí ohun tó ti ń rò nípa ara rẹ̀. Ẹni tó ń bá a jà ni ọkùnrin tó ń ka iye àwọn tó ti bá sùn bí ẹni ń ka owó. Bí ẹ bá pè é ní ẹni tó ń tijú ara rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lù yín.

Àwọn mẹ́ta yìí lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú yàrá àyẹ̀wò, pẹ̀lú àtọ̀sí kan náà lára. Ìmọ̀ràn tó máa ṣe ọ̀kan lóore lè bà á jẹ́ fún èkejì. Ẹ sọ fún ẹni tó tẹrí ba pé kó fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́, ó dára. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ka iye, á ní òun ti ń ṣe é tipẹ́.

* * *

Ọ̀gá kan kọ ọ́ pé: "Gbogbo èyí gírámà ni. Kọ́ńdọ̀mù kì í jẹ́ kó dùn. Ó parí."

Kò parí, ọ̀gá, àmọ́ irọ́ kọ́ lẹ pa. Àwọn kan wà tí ara wọn ń wá ohun tuntun, ohun tó ń mú orí wú, ju àwọn yòókù lọ. Láti 1964 ni onímọ̀ nípa ọkàn kan, Marvin Zuckerman, ti ṣe òṣùwọ̀n fún un, ọ̀pọ̀ ìwádìí lẹ́yìn náà ló sì rí i pé ó bá ìbálòpọ̀ eléwu tan. Ní 2006, Dan Ariely àti George Loewenstein gbé ìwádìí kékeré kan jáde: wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní ìbéèrè nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n tún bi wọ́n nígbà tí ara wọn ti gbóná. Ìdáhùn yí padà. Ohun tí wọ́n ní àwọn kò jẹ́ ṣe di ohun tí àwọn lè ṣe, ìpinnu láti lo kọ́ńdọ̀mù sì rọ̀. Ẹni tó ń ṣèlérí ní ọ̀sán kò mọ irú ẹni tó máa jẹ́ lóru.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Obìnrin tó sọ fún mi pé òun kì í gbádùn rẹ̀ rárá, pé òun á kàn máa wo àjà títí ó fi máa parí, tó sì tún pè é wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbádùn wo lẹ fẹ́ fi ṣàlàyé tirẹ̀?

* * *

Àwọn tó wà ní apá kejì náà ń ṣàṣejù. Mo rí o kéré tán ènìyàn mẹ́ta tó kọ ọ́ níbí pé ẹni tí wọ́n bá ti fìyà jẹ ní kékeré, ìbálòpọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìwádìí tí wọ́n máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ti Vincent Felitti, Robert Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tó jáde ní 1998. Àwọn àgbàlagbà tó lé ní 9,000 tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìlera Kaiser Permanente ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ló dáhùn ìbéèrè nípa ìgbà èwe wọn: ṣé wọ́n lù wọ́n, ṣé wọ́n bá wọn ṣèṣekúṣe, ṣé ọ̀mùtí wà nílé, ṣé wọ́n ń lu ìyá wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn tí oríṣi ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá, ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́rin tí wọ́n ti bá àádọ́ta ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sùn, tàbí tí wọ́n ti ní àrùn ìbálòpọ̀ rí, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò sí ìkankan nínú rẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ìlọ́po méjì ohun tó ṣọ̀wọ́n ṣì lè jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí ìyà mẹ́rin yẹn ni kò bá àádọ́ta ènìyàn sùn.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ní kó rántí ìgbà èwe. Ẹni tí ayé rẹ̀ ti dàrú á wo ẹ̀yìn, á wá ohun tó dà á rú. Olùwádìí míì, Cathy Widom, gba ọ̀nà míì. Ó mú àwọn ọmọ tí ilé ẹjọ́ ti ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n fìyà jẹ tàbí pa tì láàárín 1967 sí 1971, ó mú àwọn ọmọ míì tó jọ wọ́n tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí, ó sì tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi dàgbà. Nígbà tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kuhns, gbé èsì jáde ní 1996, àwọn obìnrin tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti fi ara ṣòwò rí. Àmọ́ ní ti bíbá ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn àti oyún ọ̀dọ́langba, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó wọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ẹnu sọ pé "ìgbà èwe ló fà á" ní láti ka èyí náà.

Ibi tí mo dúró sí: ohun tí ojú rí ní kékeré kì í sọ ẹni tí ènìyàn máa bá sùn. Ó máa ń sọ irú ìṣẹ́jú tí ọwọ́ rẹ̀ á rọ. Ti àbúrò wa, ìṣẹ́jú tí fóònù bá dákẹ́ ni. Ó kọ́ ọ ní kékeré pé ẹni tó bá dákẹ́ ti lọ, àti pé ọmọ kò ní ohun kankan lọ́wọ́ tó lè fi dá a dúró. Ó ti wá dàgbà, ó rí ohun kan tó rò pé òun lè fi dá a dúró.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, lórí ọtí: Claude Steele àti Robert Josephs ṣàlàyé ní 1990 pé ọtí máa ń jẹ́ kí ohun tó wà níwájú gan-an gba gbogbo ojú, kí ohun tó jìnnà díẹ̀ pòórá. Ara ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wà níwájú. Èsì àyẹ̀wò oṣù tó ń bọ̀ jìnnà. Nítorí náà ẹni tó ń sọ níbí pé ife méjì kì í ṣe òun ní nǹkan kan, kó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi ṣe é rí láìmu ife méjì yẹn.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé pé òun mọ̀ pé ọkọ òun ń yan àlè, pé òun kò lè ní kó lo kọ́ńdọ̀mù torí ó ti lu òun lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí, pé ṣé àṣà ọkàn "bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́, wàhálà dé" ló ń da òun láàmú. Ẹnì kan sì dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń sọ tẹnu ẹni.

Mi ò fara mọ́ ọn rárá, inú sì bí mi sí ìdáhùn yẹn. Ma, bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wàhálà á dé lóòótọ́. Ẹ ti rí i. Ẹ̀rù tó ń bà yín ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Àṣà ọkàn ni ìgbà tí ewu ti lọ tí ẹ̀rù kò lọ. Níbi tí ewu ṣì wà nínú ilé, ẹni tó yẹ kó yí ìwà padà ni ẹni tó ń na ọwọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ààbò kan wà tí kò nílò kí ọkọ gbà. Oògùn PrEP, tí ènìyàn ń lò kí ewu tó dé, ń dènà HIV bí a bá ń lò ó bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, ẹni tó ń lò ó nìkan ló sì ní láti mọ̀. Òrùka dapivirine tún wà tí obìnrin ń fi sínú abẹ́ fúnra rẹ̀ tó sì ń lo oṣù kan níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn rẹ̀ ní 2021 gẹ́gẹ́ bí àfikún ààbò fún àwọn obìnrin tí HIV sún mọ́ gidigidi. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tí ẹ fọkàn tán, ẹ sì sọ ti lílù náà fún un. Ìgbà tí ẹ bá wà níbi tí ọwọ́ kò ti tó yín ni ká tó máa sọ ti ọkàn.

* * *

"Ṣé kì í ṣe pé ìbálòpọ̀ ti di bárakú fún un ni?" Ìbéèrè yìí pọ̀ jù, kí n fèsì lẹ́ẹ̀kan.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà àìsàn ICD-11 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, ní àìsàn kan nínú tí ènìyàn kò ti lè kápá ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀. Wọn kò fi í sí abẹ́ bárakú, abẹ́ àìlèkápá ìsúnniṣe ni wọ́n tò ó sí. Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ níbí gbọ́: bó bá jẹ́ pé ìdájọ́ ìwà nìkan ló ń dun ènìyàn, tó kàn ń wo ara rẹ̀ bí oníwà burúkú, ìyẹn kò tó láti pè é ní àìsàn. Ohun tó ń sọ ọ́ di àìsàn ni kó ti pẹ́, oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa ba iṣẹ́, ilé àti ìlera jẹ́, kí ẹni náà ti gbìyànjú láti dín in kù kó máà ṣeé ṣe. Àbúrò wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi orúkọ àìsàn lé e lórí.

* * *

Àbúrò wa padà wá: "Ẹ ṣeun, ó yé mi. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí kò bá fèsì, kí ni kí n ṣe?"

Ìbéèrè tó dáa jù látàárọ̀ nìyí.

Má dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ bá san kí o tó dáàbò bo ara rẹ. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kan máa ń ṣe bí ẹni pé tí gbòǹgbò bá ti kú, ẹ̀ka á gbẹ. Ìtọ́jú ọ̀nà ti Young yìí máa ń pẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Netherlands lórí àwọn tí ìwà àti ìmọ̀lára wọn ń yí gbirigbiri, tó jáde ní 2006, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ òru Sátidé mélòó ló wà nínú ọdún mẹ́ta?

Nítorí náà, ṣe ìpinnu nígbà tí ara rẹ tutù. Lọ bi dókítà bóyá PrEP yẹ ọ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé PrEP á fún àbúrò wa láyè láti máa ṣe bó ṣe wù ú, mo gbọ́. Láyè kẹ̀? Ó ti ń ṣe é láìsí i. Òótọ́ ni pé PrEP kì í dá àtọ̀sí, syphilis tàbí oyún dúró, torí náà kò gba ipò kọ́ńdọ̀mù. Ó kàn ń rí i pé òru kan tí ọwọ́ rọ kò mú HIV wálé. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí ààbò kankan, PEP wà, oògùn tí ń dènà HIV lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Má jẹ́ kí ìtìjú gba wákàtí yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ṣàyẹ̀wò déédéé, má dúró de àmì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù kan àrùn ìbálòpọ̀ tó ṣeé wò tí àwọn ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ń kó lójoojúmọ́ lágbàáyé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kì í sì fi àmì hàn. "Ara mi dá ṣáṣá" kò sọ nǹkan kan.

Ti Sátidé gan-an: nígbà tí àyà rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já nítorí fóònù tó dákẹ́, sọ ọ́ síta, kí etí rẹ gbọ́ ọ: "Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti lọ." Kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá rọrùn jù. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ pè é, pè é, kí o sọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ gan-an: "Ṣé a ṣì wà pọ̀?" Má pè é wá sílé lóru yẹn. Sún un di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní ìta. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á dùn ọ́ gan-an. Á dùn ọ́ bákan náà bó bá kọ́kọ́ bá ọ sùn.

Bí o bá rí onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ iṣẹ́ orí àwọn schema. Má jẹ́ kó fi gbogbo àkókò sọ̀rọ̀ bàbá rẹ nìkan. Mú òru kan pàtó lọ fún un, sọ ọ́ láti ìgbà tí fóònù dákẹ́ títí dé ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé.

* * *

Àfikún kan fún ẹni tó bi mí bóyá ó yẹ kó ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọkùnrin tó ń bá jáde. Bí èsì àyẹ̀wò bá fi àrùn hàn, sọ fún un, kí òun náà lọ gba ìtọ́jú, torí bí ẹ kò bá jọ gba ìtọ́jú, ẹ á tún kó o ran ara yín. Ní ti ìgbà èwe rẹ, o kò jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ń fèsì nígbà tí o bá béèrè nǹkan ni.